Ìyá Òkè Tó Ń Wa Kíréènì

Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé obìnrin ò lè wa kíréènì, ẹ má bá a jà. Ẹ ṣáà ní kó wá bá Alápá ní sáìtì, èmi ni màá dá a lóhùn. Alápá ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, torí pé apá ni mo fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ mi. Èmi ni mo máa ń dúró nílẹ̀, tí mò ń fọwọ́ júwe fún ẹni tó jókòó sókè nínú kíréènì, kó lè mọ ibi tó máa gbé ẹrù gbà àti ibi tó máa gbé e kalẹ̀ sí. Ẹni tó wà lókè ò lè rí gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀, ojú mi ló fi ń ríran. Mo ti júwe fún awakọ̀ kíréènì tó ń mutí, mo ti júwe fún èyí tó ń gbéra ga, mo sì ti júwe fún èyí tó ń tòògbé nídìí jíà. Kò sí èyí tó tó Ìyá Òkè nínú gbogbo wọn, mi ò sì sọ ọ́ láti fi wá ojúure rẹ̀.

Kíréènì tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀. Èyí tó dúró lóòró bí òpó iná ni, tó ga ju ilé tí à ń kọ́ lọ, tí apá gígùn kan sì nà jáde lókè rẹ̀ tó ń yí kiri. Àkàbà irin ló wà nínú ikùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ni èèyàn ń fi gòkè, kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹnikẹ́ni. Láràárọ̀, kí oòrùn tó ràn dáadáa, Ìyá Òkè á gbé báàgì rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, á de okùn akoto mọ́ àgbọ̀n, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun àkàbà yẹn. Kì í kánjú. Tó bá dé ìdajì, á sinmi díẹ̀, á tún máa lọ. Àga kan ló wà nínú yàrá onígíláàsì kékeré tó wà lókè, pẹ̀lú jíà kan lápá ọ̀tún, òmíràn lápá òsì, àti rédíò ọwọ́ tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ló máa ń wà títí di ọ̀sán, torí pé kí èèyàn sọ̀ kalẹ̀ kó tún padà gòkè, iṣẹ́ mìíràn ni.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, àwọn bíríkìlà fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá wòran. Káfíńtà kan ní tó bá dókè tán, ariwo pé kí wọ́n wá gbé òun sọ̀ kalẹ̀ ló máa pa. Ìyá Òkè de okùn akoto rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Ó gòkè, ó fi ìkọ́ gbé ìdì irin kan, ó yí i wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí iṣẹ́ káfíńtà yẹn gan-an, kò sì jẹ́ kí eruku kan ta sínú abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Káfíńtà wo irin, ó wo oúnjẹ, ó wo òkè. Òun náà ló sọ ọ́ ní Ìyá Òkè lọ́jọ́ yẹn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ilé kan náà ni èmi àti Ìyá Òkè ń gbé. Èmi àti ìyàwó mi wà nísàlẹ̀, àwọn wà lókè wa, torí náà mo mọ ohun tójú rẹ̀ ń rí kó tó dé sáìtì. Awakọ̀ tírélà ni ọkọ rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ọ̀nà jíjìn ló ń kẹ́rù lọ, a sì lè má fojú kàn án fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Orúnkún ń yọ màmá yẹn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnu wọn mú ṣáṣá. Ọmọbìnrin kan wà tó ti ń lọ sílé ìwé, tí màmá ń pè ní Ọ̀gá Kékeré torí pé òun ló ń pàṣẹ fún gbogbo ilé. Ọmọkùnrin jòjòló kan ló tẹ̀ lé e.

Kí ẹnikẹ́ni tó lajú nínú ilé yẹn, Ìyá Òkè ti se oúnjẹ àárọ̀ àti tọ̀sán, ó ti lọ aṣọ ilé ìwé, ó ti ki ìbọ̀sẹ̀ ọmọ bọ inú bàtà rẹ̀ kó má baà di wíwá kiri, ó ti da omi gbígbóná sínú fúláásìkì kí ìyá ọkọ rẹ̀ lè fi jó orúnkún. Bó ṣe ń ṣe é gan-an ló ń jọ mí lójú. Kì í jẹ́ kí abọ́ gbá ara wọn. Kì í fa àga nílẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ohunkóhun láti òkè láàárọ̀, bí ilẹ̀kùn ṣe rọra tì ni, tí bàtà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ọmọkùnrin jòjòló yẹn ló fa ìdákẹ́jẹ́ náà. Oorun rẹ̀ ò le rárá; bí èèyàn bá sín, ó ti jí, tó bá sì ti jí, kò sẹ́ni tó máa sùn mọ́. Kí wọ́n má baà máa sọ̀rọ̀ jí i, Ìyá Òkè kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ ní àmì ọwọ́ tí à ń lò níbi iṣẹ́. Tó bá na ìka sókè tó ń yí i, ó ní kó dìde nìyẹn. Tó bá yí ìka sí ìsàlẹ̀, ó ní kó jókòó. Tó bá fi ọwọ́ kan bo ẹ̀yìn ọwọ́ kejì, kó rọra ló ń wí. Tó bá wá na apá méjèèjì gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́, kó dúró lójú ẹsẹ̀ ni, ewu ń bẹ. Ọ̀gá Kékeré mọ̀ ọ́n ju àwọn tí wọ́n ń gbé wá fún mi níbi iṣẹ́ pé kí n kọ́ lọ. Ìyá àgbà pàápàá ti ń lò ó. Lọ́jọ́ kan, mo ń kí wọn tariwo-tariwo bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, wọ́n yọ jáde, wọ́n na apá méjèèjì sí mi. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo dúró gbagidi, ẹsẹ̀ mi kan wà lókè.

Mo ní láti la ọ̀rọ̀ àmì yẹn yé yín, torí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí wà. Níbi iṣẹ́, èmi nìkan ni mo lè sọ fún kíréènì pé kó gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Bí fọ́ọ̀mánù tó ń darí iṣẹ́ wa fúnra rẹ̀ bá na ìka, ẹni tó wà lókè ò gbọdọ̀ dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n dúró kì í ṣe tèmi nìkan. Ẹnikẹ́ni ló lè ní dúró, ìbáà jẹ́ ọ̀gá, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń ta omi, ìbáà jẹ́ ẹni tó kàn ń kọjá lọ lójú títì. Bí awakọ̀ bá ti rí apá méjèèjì tó nà báyẹn, á dúró ná, ẹ̀yìn ìyẹn ló máa tó béèrè ìdí. Tó bá sì ti dúró, ohunkóhun ò gbọdọ̀ mira títí fọ́ọ̀mánù á fi yẹ gbogbo abẹ́ ẹrù wò. Ọ̀gá àgbà wa, tó ni iṣẹ́, máa ń kà á sí wa létí bí ẹni ń ka àdúrà: ẹnikẹ́ni ni.

Nígbà tí Ìyá Òkè bí ọmọkùnrin yẹn, ọ̀gá rò pé kò ní padà wá mọ́. Ọmọ náà ò tíì mọ̀ ọ́n jókòó tí ìyá rẹ̀ fi dé. Ó gbé ohun tí wọ́n fi ń fún ọmú gòkè lọ pẹ̀lú kúlà kékeré kan. Tí a bá dákẹ́ iṣẹ́ fún ìsinmi, á fún omi ọmú síbẹ̀, á so kúlà náà mọ́ okùn, á sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí mi. Èmi ni màá gbé e lọ fún ìyá àgbà ní géètì. Ọmọ iṣẹ́ kan bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Omi ọmú ni. Ṣé o máa mu díẹ̀ níbẹ̀ ni?" Ó sá padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n rò pé àwọn ń yìn ín tí wọ́n bá pè é ní obìnrin bí ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú. Èwo ni obìnrin bí ọkùnrin? Ọkùnrin wo ló ń fún ọmú lókè kíréènì? Ẹ má sì jẹ́ kí n tàn yín pé ó rọrùn fún un. Mo ti bá a lórí àtẹ̀gùn ilé wa nírọ̀lẹ́ rí, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, èkejì ṣì wà lẹ́sẹ̀, oorun ti gbé e lọ. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò jí i.

Láìpẹ́, ọ̀gá ra kíréènì tuntun kan tó ga ju tiwa lọ, fún ilé kejì tí à ń lọ kọ́. Ẹni tó bá máa wà á máa di òṣìṣẹ́ gidi. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé, òjò rọ̀ o, òjò ò rọ̀ o, owó oṣù á wọlé, ilé iṣẹ́ á sì máa san owó ìwòsàn fún gbogbo ilé rẹ̀. Ní tiwa, ọjọ́ tójò bá rọ̀, a ò rí nǹkan kan gbà. Orúnkún ìyá ọkọ rẹ̀ sì nílò iṣẹ́ abẹ. Ìyá Òkè fẹ́ iṣẹ́ náà débi pé kì í dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ ń du iṣẹ́ náà ni awakọ̀ àgbàlagbà kan tó ń wa kíréènì kékeré tó wà lẹ́yìn sáìtì. Bàbá Jẹ́jẹ́ là ń pè é, torí pé bó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ló ń wakọ̀. Ọ̀gá ní ọjọ́ tí a bá da kọnkéré òrùlé lòun máa wo bí Ìyá Òkè ṣe máa ṣe é, òun á sì mọ ẹni tóun máa gbé kíréènì tuntun lé lọ́wọ́.

Òjò ò jẹ́ kó bọ́ sọ́jọ́ tó yẹ. Wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún sún un, ó wá bọ́ sọ́jọ́ Jímọ̀ tí ilé ìwé Ọ̀gá Kékeré ní kí òbí kọ̀ọ̀kan wá gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń kàwé. Ìyá Òkè ti ṣèlérí fún ọmọ náà. Ó ti gba àyè lọ́wọ́ fọ́ọ̀mánù pàápàá. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó gòkè lọ sọ fún Ọ̀gá Kékeré pé ìyá àgbà ló máa wá dípò òun. Mò ń retí ẹkún láti òkè. Bí ilẹ̀kùn ṣe rọra tì nìkan ni mo gbọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Àwọn ọkọ̀ kọnkéré tò síta, ikùn wọn ń yí. Ìyá Òkè á gbé garawa ńlá tó kún fún kọnkéré, á gbé e kọjá lórí wa, á sọ̀ ọ́ sọ́wọ́ àwọn tó wà lórí òrùlé, wọ́n á dà á, á tún padà wá. Ọ̀gá jáde wá láti ọ́fíìsì, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò. Mo rí i tó mi orí bí ẹni tí nǹkan ń dùn mọ́. Inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ náà ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ọ̀sán lèyí. Àwọn ọmọ ilé ìwé ti lọ jẹun nílé, wọ́n ń padà lọ. Ìyá àgbà pọn ọmọkùnrin sẹ́yìn, wọ́n sì fa Ọ̀gá Kékeré lọ́wọ́, wọ́n ń lọ síbi ìwé kíkà náà, ọ̀nà wọn sì gba iwájú géètì wa kọjá. Èmi ò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Garawa wà lókè, ó kún dẹ́múdẹ́mú, mò ń júwe pé kó máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ni mo rí i tí gbogbo rẹ̀ dúró lójijì. Mo tún júwe. Kò mira.

Ohùn rẹ̀ wọlé lórí rédíò. "Bọ̀ọ̀dá Alápá, ẹnìkan ní kí n dúró."

"Kì í ṣe èmi o," mo ní. "Ibo lẹni náà wà?"

"Níbi géètì. Mo ti dúró. Ẹ bá mi pe fọ́ọ̀mánù."

Mo yíjú padà. Ọ̀gá Kékeré ló dúró lórí òkìtì búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, nínú aṣọ ilé ìwé rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kan ti já wálẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe kọ́ àwọn àgbàlagbà tí wọn ò lè ṣe é dáadáa, bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe é. Ìyá àgbà ń fa etí aṣọ rẹ̀ látìsàlẹ̀ pé kó sọ̀ kalẹ̀.

Òfin ni òfin. Fọ́ọ̀mánù pe gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ garawa kúrò, ó wo wáyà, ó wo ìkọ́, ó wo ẹ̀yìn ògiri, ó yí gbogbo ilẹ̀ ká. Kò rí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó wà nínú ewu. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kọnkéré wà nínú ọkọ̀, oòrùn ń pa á, ojú ọ̀gá sì ń pọ́n sí i. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí Ìyá Òkè gbé garawa kalẹ̀ tán, ọ̀gá ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá bá òun ní ọ́fíìsì. Ó pe èmi, fọ́ọ̀mánù àti Bàbá Jẹ́jẹ́ mọ́ ọn.

"Ta ló ní kí o dúró?" ọ̀gá bi í.

Fọ́ọ̀mánù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, láti òkè yẹn, bí èèrà la rí lójú rẹ̀. Apá ló máa rí, kò lè mọ ẹni tó ni ín." Ó fẹ́ràn Ìyá Òkè, ó ń wá ọ̀nà àbáyọ fún un ni. Èmi náà ti ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo mọ ẹni tó ni ín," Ìyá Òkè ní. "Ọmọ mi ni, sà. Mo ti dá a mọ̀ kí n tó dúró."

Mo fẹ́ẹ̀ẹ́ gbá a lẹ́nu. Ọ̀gá wò ó títí. "O mọ̀ pé ọmọ ẹ ni, o mọ̀ pé ọmọdé ni, o wá dá gbogbo iṣẹ́ mi dúró?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀yin lẹ ní ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ ohun tó rí. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan wà níbi tí ojú èmi àti Bọ̀ọ̀dá Alápá ò dé. Tí n bá ní kí n kọ́kọ́ rò ó pé ọmọ mi ń ṣeré ni, tí kì í bá ṣe eré ńkọ́? Ọjọ́ tí mo bá ń wo ojú ẹni tó ní kí n dúró kí n tó dúró, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi."

Ọ̀gá ní kí wọ́n mú ọmọ náà wọlé. Ìyá àgbà tiro wọlé tẹ̀ lé e, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà pé ẹ̀bi àwọn ni, àwọn ló jẹ́ kó já mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n jókòó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ọmọ. Bàbá ọmọ lòun náà.

"Má bẹ̀rù," ó ní. "Kí lo rí tó o fi na apá?"

"Mo rí màámi."

"Mo mọ̀. Mo ní kí lo rí tó lè ṣe èèyàn léṣe?"

Ọmọ náà rò ó dáadáa kó tó dáhùn. "Kò sí. Màámi nìkan ni mo rí. Tí mo bá jí, wọ́n ti lọ. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á ní kí n lọ sùn. Tí a bá pè wọ́n lórí fóònù, wọn kì í lè gbé e. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ṣe báyìí, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró. Àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Mo wo ilẹ̀. Fọ́ọ̀mánù náà ń wo ilẹ̀. Ìyá Òkè kúnlẹ̀ kí ojú òun àti ọmọ rẹ̀ lè ṣe déédéé. Kò pariwo mọ́ ọn, kò sì gbè é. "Ohun tó o ṣe yẹn ò dáa," ó ní. "Àwọn bàbá tó wà lábẹ́ ẹrù yẹn ní ọmọ nílé bí mo ṣe ní ẹ. Àmì yẹn, tí èèyàn bá fẹ́ kú nìkan là ń lò ó. A kì í fi pe èèyàn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́," ọmọ náà ní. "Kí ni kí n wá máa fi pè yín?"

Mo ti ń bá Ìyá Òkè ṣiṣẹ́ tipẹ́, mi ò rí i rí kí nǹkan sú u. Omi dà sójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì fi ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ nù ún, eruku símẹ́ńtì wá kún gbogbo ojú.

Ọ̀gá dìde. "Kọnkéré ń dì níta," ó ní. "Ta ló máa parí ẹ̀?"

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń béèrè. Ẹni tó bá parí òrùlé yẹn lójú rẹ̀, ó dà bíi pé ó ti gba kíréènì tuntun nìyẹn. Bàbá Jẹ́jẹ́ dúró sí kọ̀rọ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí fún iyì rẹ̀, kò na ọwọ́. Ìyá Òkè wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìta níbi tí àwọn ọkọ̀ wà. Ó wá bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó sì gbé e lé Bàbá Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́. "Ẹ bá mi parí ẹ̀, sà. Jíà ọwọ́ ọ̀tún máa ń le díẹ̀, ẹ rọra tì í." Ó gba ọmọkùnrin lẹ́yìn ìyá ọkọ rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó fa Ọ̀gá Kékeré lọ́wọ́, wọ́n jáde. Mo ní ó ti tán.

Ìyá àgbà ló sọ bí ó ṣe rí nílé ìwé fún mi. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé, àwọn ọmọ mìíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kà tán. Wọ́n fi àga ọmọdé kékeré kan fún Ìyá Òkè, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ àti eruku lójú. Tíṣà pe ọmọ rẹ̀, ọmọ sì jáde wá pẹ̀lú ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lóhùn tó le, tó ń dún dáadáa. Kò tíì ka ojú ewé kan tán tí orí ìyá rẹ̀ fi tẹ̀. Ó sùn lọ. Ìyá àgbà ní ojú ti àwọn, àwọn fẹ́ gbún un jí. Ọ̀gá Kékeré mi orí sí wọn pé rárá. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Tíṣà ní kó sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, màámi ń sùn," ó sì ń ka ìwé náà wúyẹ́wúyẹ́ títí tó fi parí.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá tún pè wá. Ó ní òun ti pinnu, àmọ́ Bàbá Jẹ́jẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ kí òun tó sọ tòun. Bàbá bọ́ akoto. "Ọ̀gá, mo wà létí géètì lọ́jọ́ Jímọ̀, mò ń mu omi. Mo rí ọmọ yẹn kí ìyá ẹ̀ tó rí i. Mo rí i tó na apá. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ yìí mà mọ̀ ọ́n ṣe. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo wà lókè, mi ò ní dúró. Bí mo ṣe ń parí òrùlé yẹn ni mò ń rò ó, mi ò sì rí oorun gidi sùn látìgbà yẹn. Ẹ gbé kíréènì yẹn fún un."

Ọ̀gá ní ohun tí òun náà ti pinnu nìyẹn. Ó yíjú sí Ìyá Òkè. "Tìẹ ni. Àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé."

Mo ti na ọwọ́ kí n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí n tó rí i pé kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun gan-an, sà," ó ní. "Mo fẹ́ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe é láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí èmi àti bàbá pín in. Kí n mú àárọ̀, kí wọ́n mú ọ̀sán. Ẹ pín owó oṣù sí méjì fún wa. Owó ìwòsàn ni kí ẹ má pín."

"Kò sẹ́ni tó béèrè irú èyí lọ́wọ́ mi rí," ọ̀gá ní.

"Mo mọ̀, sà. Èmi náà ò béèrè rí."

Ọ̀gá wo Bàbá Jẹ́jẹ́ bóyá ó máa bínú. Bàbá ní ẹ̀yìn ti ń dun òun tipẹ́, òun ò kàn lè sọ fún ọ̀gá ni, kí wọ́n má baà ní òun ti dàgbà jù. Ọ̀gá rojọ́, ó ní èyí máa dá wàhálà sílẹ̀, ó ní àwọn yòókù á fẹ́ irú ẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n lọ dán an wò ná. Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti ń sọ ní sáìtì pé Ìyá Òkè fọwọ́ ara rẹ̀ da ìdajì owó nù. Mo máa ń bi wọ́n pé nígbà tí wọ́n ń gba odindi, kí ni wọ́n fi ṣe?

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó lo kíréènì tuntun, Bàbá Jẹ́jẹ́ gorí rẹ̀ lọ́sàn-án, Ìyá Òkè sì sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́jú nídìí ẹ̀rọ omi. Ó gbọn eruku ara rẹ̀. Mò ń lọ ra búrẹ́dì, mo bá a rìn lọ sílé ìwé ọmọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá débi pé mò ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ ti jáde ní kíláàsì, wọ́n ń fo okùn nínú ọgbà. Ọ̀gá Kékeré rí wa. Mo ti ń múra láti wo bó ṣe máa fò mọ́ ìyá rẹ̀, mi ò purọ́, mo ti fẹ́ máa sunkún. Ó sáré wá sídìí géètì, òógùn bò ó. "Màámi, ẹ ti tètè dé jù," ó ní. "Ó ti fẹ́ kàn mí láti fò. Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn ná." Ó sì ti sá padà lọ.

Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ igi tó wà níbẹ̀. Ìyá Òkè lọ jókòó sí i, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú. Inú bí mi díẹ̀ nítorí rẹ̀, mo ní ṣé kò ní pe ọmọ yẹn kí wọ́n máa lọ sílé ni, lẹ́yìn gbogbo ohun tó fi du àkókò yìí.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá," ó ní. "Ó ti mọ̀ pé mo wà níbí."